Ọ̀fẹ́ Ni Mo Pè É, Tíṣà Ọmọ Mi Ló Kù Díẹ̀ Kó San Án

"Mọ́mì, ẹni tó ń bá yín yí ìwé padà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, ta ló ń sanwó fún un?"

Ọmọbìnrin mi ló bi mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí gbogbo wa jókòó sídìí oúnjẹ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Lọ́yà là ń pè é nínú ilé, nítorí kò sí ohun tí èèyàn lè sọ fún un tí kò ní béèrè ẹ̀rí.

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó ń sanwó. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ṣé ẹni náà kì í jẹun ni?"

Bàbá rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún fíríìjì ṣe, ní ìjọba ló ń sanwó fún un. Ìyá ọkọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ní bó bá jẹ́ ìjọba ni, iṣẹ́ náà kò ní yá tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ó ní láti jẹ́ ọmọ rere kan tó ń wá ìbùkún. Àbúrò Lọ́yà, ọmọ ọdún mẹ́rin, ní òun ni òun ń sanwó náà. A rẹ́rìn-ín, a palẹ̀ abọ́ mọ́, ìbéèrè náà sì wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó dáhùn rẹ̀.

Ká ní mo ronú sí i lálẹ́ ọjọ́ náà ni, ǹ bá ti sùn báyìí. N kì bá jókòó sídìí tábìlì ní òru máa kọ èyí sí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, kí ẹ lè fi ọ̀rọ̀ mi kọ́gbọ́n.

Akọ̀wé ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ mi ń lọ. Bí ìdánwò bá ti ń bọ̀, ọ̀dọ̀ mi ni àwọn tíṣà ń kó ìbéèrè wọn wá kí n tò ó bó ṣe yẹ. Tíṣà ìṣirò wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí àwọn ọmọ ń pè ní Fọ́múlà, kò fẹ́ràn títẹ ìwé rárá. Bírò ló fi ń kọ ìbéèrè, á wá yà á sínú PDF, á fi ránṣẹ́ sí mi. PDF sì rèé, ó dà bí fọ́tò tí wọ́n fi gíláàsì bò. Ẹ lè wò ó títí, ẹ kò lè tún un ṣe. Àfi kí ẹ kọ́kọ́ yí i padà sí Wọ́ọ̀dù.

Ilé ẹ̀kọ́ ra ètò tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà ọ̀gá àgbà wa, tí a ń pè ní Mádàámù, nìkan ló wà. Òfin Mádàámù kò ju ẹyọ kan lọ: inú yàrá òun nìkan ni a ti ń yí ìdánwò padà. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà, á wá jókòó síwájú rẹ̀. Ẹni tó bá sì jókòó síwájú Mádàámù, á gbọ́ ìtàn orúnkún rẹ̀. Orúnkún ọ̀tún ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kó tó dé ti òsì, ilẹ̀ á ti máa ṣú.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọmọ mi kékeré á ti wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì rẹ̀, báàgì lẹ́yìn, á máa wo gbogbo obìnrin tó bá ń kọjá bóyá èmi ni. Ọkàn mi kì í gbé e. Ìyá tó bá ti rí ojú ọmọ rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀ rí á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé ló fi sáìtì náà hàn mí.

Ó ní, "Wò ó. Fa fáìlì síbí. Tẹ ibí. Ó ti tán."

Mo ní, "Ó ti tán báyẹn?"

"Báyẹn náà ni. Ìwọ ṣì ń lọ tẹ́tí sí orúnkún."

Ìkéde ìpàdé òbí ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo fi yí ìwé ètò eré ìdárayá. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó yá, ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: ta ló wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ jókòó ka ìṣirò àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún? Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìdánwò nìyẹn.

Sáìtì náà ní ààlà o. Ìwé méjì lóòjọ́ ni ọ̀fẹ́, ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀kẹta á sanwó. Àmọ́ èmi náà ti já ọgbọ́n tirẹ̀. Bí ti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bá tán, mà á fi fáìlì ránṣẹ́ sí íméèlì ara mi, mà á dé ilé, mà á yí i lórí tábúlẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa ń lò. Sáìtì náà kò mọ̀ pé èmi kan náà ni. Mo máa ń dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tó yọ́ wọ ọkọ̀ láìgba tíkẹ́ẹ̀tì.

Bí mo ṣe gbé ìṣirò Fọ́múlà lọ sílé nìyẹn. Ìkòkò wà lórí iná, tábúlẹ́ẹ̀tì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó tí mo fi ń gé ata. Ìwé náà jáde. Orí rẹ̀, níbi tí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ àti ọ̀rọ̀ ìdánwò wà, ti di àpótí kéékèèké àti àmì wuuruwu. Ìbéèrè inú rẹ̀ dára, àfi ibi kan. Fọ́múlà kọ ọ́ pé ìyá kan pín ọsàn 36 dọ́gba fún ọmọ mẹ́rin, mélòó ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan? Ẹ̀rọ náà ka 36 sí 86.

Mo rí i. Mo tún un ṣe ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo kó o fún Mádàámù, ó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé èyí tí mi ò tíì tún ṣe ṣì wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì nílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí ibí yìí. Ní gbogbo táàmù ni mo máa ń tẹ ìdánrawò fún Lọ́yà, orí tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn kan náà ni mo sì máa ń fi í sí. Ní táàmù yìí, mi ò tíì ráyè ṣe é.

Mò ń wẹ àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó dúró sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀.

"Mọ́mì, mo ti rí ìdánrawò ìṣirò tí ẹ ṣe."

Ọṣẹ ti kó sójú ọmọ, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ tà. Mo rò pé ti táàmù tó kọjá ni Lọ́yà rí.

"Ó dáa, ọmọ dáadáa. Lọ ṣe é."

"Ṣé kí n fún àwọn ọ̀rẹ́ mi náà?"

"Fún wọn. Ìmọ̀ kì í tán."

Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Wọ́n ṣe ìdánwò. Ní bí ọjọ́ mélòó kan sí i, mo gbé tíì lọ sí yàrá àwọn tíṣà, mo bá Fọ́múlà níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín tó ń gbọ̀n.

Ó ní, "Mà, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Mẹ́sàn-án ni ìdáhùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo kíláàsì ló kọ ọsàn mọ́kànlélógún àti ààbọ̀. Ibo ni wọ́n ti rí ọ̀bẹ?"

Tíṣà kan ní, "Bóyá ìyá náà lọ ra kún un."

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo fi ọkàn pín 86 sí ọ̀nà mẹ́rin. Ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Mo gbé tíì kalẹ̀, mo jáde.

Mádàámù kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó kó gbogbo ìwé ìdánwò náà wọ yàrá rẹ̀. Ó rí i pé yàtọ̀ sí ti ọsàn, àwọn ọmọ gba ohun gbogbo, títí kan èyí tó le jù. Ọmọ tí kò tíì mọ ìlọ́po méje gba gbogbo rẹ̀ láìní ìparẹ́ kan. Ó ránṣẹ́ pe Fọ́múlà. Ògiri tó wà láàárín ọ́fíìsì mi àti yàrá Mádàámù kò nípọn.

"Ìwọ lo kọ ìbéèrè," Mádàámù ní. "Ìwọ náà lò ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ìrọ̀lẹ́ nínú ilé wọn. Ṣé kí n máa wá ẹlòmíràn kiri ni?"

"Mádàámù, bí mo bá fẹ́ ta ìdánwò, ṣé èyí tó ní àṣìṣe ni mo máa tà?"

"Olè tó ń kánjú ló máa ń gbàgbé bàtà."

Ó ní kó lọ mú ẹni tó ṣe é wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bí kò bá rí i mú, òun á lé e, òun á sì kọ ìdí rẹ̀ sínú lẹ́tà. Tíṣà tí wọ́n bá kọ irú ìyẹn sí lẹ́tà rẹ̀, ẹ sọ fún mi, ilé ẹ̀kọ́ wo ló máa gbà á?

Mo sáré délé. Mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kí n tó bọ́ bàtà.

Ọkọ mi ní, "Ìyá Lọ́yà, kí lò ń wá nínú nǹkan yìí bí ẹni tó sọ òrùka nù?"

"Mò ń gbá ilé inú rẹ̀ ni. Ó ti kún jù."

Fáìlì náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo pa á rẹ́. Mo tún lọ síbi tí ohun tí a bá pa rẹ́ máa ń sá sí, mo pa á rẹ́ níbẹ̀ náà. Àyà mi balẹ̀ díẹ̀. Ohun tí kò sí, ta ló fẹ́ rí i?

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro àròjinlẹ̀ burúkú. Bí wọ́n bá lé èmi, báwo ni àwọn ọmọ mi méjì á ṣe máa wo ilé ẹ̀kọ́ náà? Fọ́múlà kò níyàwó, kò lọ́mọ, orí rẹ̀ sì pé, á rí iṣẹ́ mìíràn. Bóyá yóò tilẹ̀ rí èyí tó dára jù. Kí n tó sùn, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di pé oore ni mò ń ṣe fún un. Ọkàn èèyàn mọ ẹjọ́ rò, kódà ó ju Lọ́yà lọ.

Ní ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ parí, Mádàámù pè mí.

"Sẹ́kítírì, jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi. Mo fẹ́ kí o tẹ lẹ́tà kan."

Fọ́múlà wà ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ti gé irun rẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dára jù tó ní, bí ẹni tó ń lọ wá iṣẹ́ dípò ẹni tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mádàámù ń pe ọ̀rọ̀, mò ń tẹ̀ ẹ́. Kò sọ̀rọ̀ orúnkún lọ́jọ́ náà.

Fọ́múlà ní, "Mádàámù, ẹ lé mi, mo gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ pé mo ta ìdánwò. Bàbá mi á ní kí n ka lẹ́tà náà fún òun."

Ọwọ́ mi dúró lórí bọ́tìnì.

"Kí ló dá ọ dúró?" Mádàámù ní.

"Kò sí, mà."

Mo sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mò ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Lọ́yà ni, ó fi ẹ̀wù sínú síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dáadáa, ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wa.

"Ta ló ní kí o wá?" Mádàámù bi í.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà. Wọ́n ní ẹ fẹ́ lé Tíṣà wa lọ."

Mo ní, "Padà sí kíláàsì rẹ."

"Mọ́mì, mo fẹ́ ṣàlàyé fún wọn ni. Ẹ̀rí wà." Ó kọjú sí Mádàámù. "Kò sẹ́ni tó ta ìdánwò fún wa, mà. Ìdánrawò ni a kà. Mọ́mì mi ló ṣe é fún mi, èmi ni mo fún àwọn yòókù. Gbogbo táàmù ni Mọ́mì máa ń ṣe é. Wọ́n mọ ohun tó máa ń jáde gan-an."

Ó sọ ọ́ tìdùnnú-tìdùnnú. Ó ń fi mí yangàn.

"Ìdánrawò wo?" Mádàámù ní. "Ibo ló wà?"

Mo ní, "Kò sí mọ́, mà. Ó ti—"

"Ó wà, Mọ́mì. Bọ́tìnì kan wà lábẹ́ rẹ̀ lórí sáìtì yẹn tí wọ́n fi ń fi líǹkì ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kíláàsì wa lórí fóònù. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, Mádàámù. Ẹ yí i lọ sókè díẹ̀."

Mádàámù wà nínú ẹgbẹ́ gbogbo kíláàsì, ṣùgbọ́n kì í ka nǹkan kan níbẹ̀ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó yí i lọ sókè. Ó tẹ líǹkì náà. Mo ti pa fáìlì rẹ́ nílé, mo pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, sáìtì náà kò gbọ́ sí i. Ó gbé e kalẹ̀ fún Mádàámù tòun ti orúkọ tí Fọ́múlà fúnra rẹ̀ sọ fáìlì náà: ìdánwò ìṣirò, kíláàsì karùn-ún.

Mádàámù wá ibi ọsàn, ó rí i. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Sẹ́kítírì, nínú yàrá wo lo ti yí ìwé yìí padà?"

"Nínú kíṣìnnì mi, mà."

"O ti mọ̀ láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí Tíṣà sọ̀rọ̀ ọsàn."

Kò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo. Fọ́múlà ti rìn dé ẹ̀yìn mi, ó ń ka ohun tí mo tẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà. Ó kà á tán.

Lọ́yà ni mò ń wò. Mo rí i bí òye ṣe ń dé ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ìdánwò ni, Mọ́mì? Mo rí orúkọ yẹn lórí rẹ̀, mo rò pé ẹ kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé wọ́n yí nọ́ńbà ọsàn yẹn nínú ìdánwò kí n má baà há ti yín sórí ni. Mo tún un ṣírò."

Fọ́múlà fa ìwé Lọ́yà yọ láàárín àwọn yòókù. Mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án lórí, ó ní kó padà sí kíláàsì.

Mádàámù fúnra rẹ̀ ló pa lẹ́tà náà rẹ́. Ó bẹ Fọ́múlà níwájú mi, ó tún bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo tíṣà. Ní tèmi, ó ní òun kò ní lé mi nítorí àwọn ọmọ mi, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ti kúrò lábẹ́ ọwọ́ mi. Ẹnu géètì ni mo wà báyìí, mò ń kọ orúkọ àlejò.

"Bírò ni wàá máa lò," ó ní. "Bírò kò ní líǹkì."

Mi ò ní kí ẹ má lo sáìtì ọ̀fẹ́ o. Bó bá jẹ́ ìwé tiyín ni, ẹ yí i bó ṣe wù yín. Ìwé tí wọ́n fi pamọ́ sí yín lọ́wọ́ ni kí ẹ má gbé lọ sílé ẹni tí ẹ kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí jù. Àṣìṣe kíṣìnnì ni ìyẹn. Ohun tí mo ṣe ní yàrá Mádàámù kì í ṣe àṣìṣe.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Ó ní, "Ìyá Lọ́yà, mo wà nínú yàrá lọ́jọ́ tí ò ń wá nǹkan nínú tábúlẹ́ẹ̀tì. Ò bá ti sọ ọ́ fún mi." Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ fi ìyàwó mi sílẹ̀, ó ti jẹ̀bi tó."

Ọ̀la ni kíláàsì Lọ́yà máa tún ìṣirò ṣe. Ojú pátákó ni Fọ́múlà máa kọ ọ́ sí. Kò sẹ́ni tó tètè rí oorun sùn nílé yìí lálẹ́ òní. Ọmọ mi kékeré ní kí n bu omi fún òun, ó tún ní omi náà ti pọ̀ jù. Ìyá àgbà ń yí rédíò kiri. Lọ́yà kọjú sí ògiri. Ẹ káàárọ̀ àti ẹ ṣé nìkan ló ń bá mi sọ láti ọjọ́ yẹn.

Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nínú òkùnkùn.

"Mọ́mì."

"Ọmọ mi."

"Ká ní mi ò wọlé lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ̀ bá parí lẹ́tà náà?"

Irọ́ kan wà lẹ́nu mi tó rọ̀ bí òwú. Ìyá wo ni kò ní fẹ́ fi bo ọmọ rẹ̀ kó lè sùn?

"Ǹ bá parí ẹ̀," mo ní. "Ó ku ibi tí Mádàámù máa buwọ́ lù nìkan."

Ó fa aṣọ ìbora dé èjìká.

"Ṣé ẹ ti bẹ Tíṣà?"

"Mo ti bẹ̀ wọ́n."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní àwọn ti gbọ́."

"Wọn ò sọ pé ó ti tán?"

"Wọn ò tíì sọ bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn náà, ó sún mọ́ ògiri, àyè díẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ ní etí bẹ́ẹ̀dì. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ẹsẹ̀ mi kan wà nílẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo kàn ń gbọ́ èémí rẹ̀, bó ṣe yára níbẹ̀rẹ̀, bó ṣe wálẹ̀, títí tó fi gùn.

Mo rọra dìde wá síbí. Àbúrò rẹ̀ ti sùn, ìka rẹ̀ wà lẹ́nu. Bàbá wọn ti sùn. Ìyá àgbà ti ń hanrun lórí rédíò tó ṣì ń sọ̀rọ̀. Mo lọ pa rédíò náà, ilé sì dákẹ́.